Gìtá Mustang 1966 tí wọ́n fi ọ̀dà ilé kùn bò: ṣé kí n ya àwòrán iná sí i bíi ti ọkọ̀ mi, àbí kí n dá a padà sí bó ṣe wà?

Pánẹ́bítà_LongBeach

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ pánẹ́bítà ni mo ń ṣe ní Long Beach níbí, ó ti di ọdún kọkànlá. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ oníbàárà ni mo ń nà. Bó bá di Sátidé, ìdí Chevrolet akẹ́rù 1951 tèmi ni ẹ ó ti bá mi. Mo ti gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ ní íǹṣì mẹ́ta, mo ti gbé ẹ́ńjìnnì V8 sí i, mo kùn ún ní dúdú, mo sì ya ahọ́n iná sí i láti imú títí dé ilẹ̀kùn.

Bàbá òyìnbó kan tí mo bá tún ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe kò ní owó tó pé lọ́wọ́. Ó ní kí n mú gìtá kan dí ìyókù. Fender Mustang ni, ó ní 1966 ni wọ́n rà á. Ẹnìkan ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà dúdú bò ó, ọ̀dà ògiri ilé, ipa búrọ́ọ̀ṣì ṣì hàn lára rẹ̀. Nígbà tí mo tú skúrù àwo funfun iwájú rẹ̀, mo rí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀, ó mọ́ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

Èrò mi nìyí. Mo fẹ́ fi tínnà wẹ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n fín ọ̀dà dúdú gidi sí i, kí n ya irú iná tó wà lára ọkọ̀ mi sí i. Mo tún fẹ́ gbẹ́ igi rẹ̀ díẹ̀ kí pickup alágbára (ẹ̀rọ kékeré abẹ́ okùn tó ń fi kọ́ìlì wáyà gbé ohùn gìtá) lè wọlé, torí eléyìí máa ń kùn hùn-ùn bí mo bá ti tan iná onígò gígùn inú ṣọ́ọ̀bù. Oṣù méjì ló kù kí a kó ọkọ̀ wa lọ síbi àfihàn, mo sì fẹ́ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ìyàwó mi ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo ń béèrè o.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ya á! Kí ni hot rod bí kò bá ṣe pé kí a mú ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe, kí a gé e, kí a tún un kọ́ ní ti ara wa? Ẹ ti gé òrùlé ọkọ̀ tó dàgbà ju gìtá yẹn lọ, ẹ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gìtá akẹ́kọ̀ọ́ ni Mustang. Ọdún 1964 tí Ford gbé ọkọ̀ Mustang jáde náà ni Fender gbé e jáde, fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orin. Fender fúnra wọn ló tún ya ìlà ọkọ̀ ìdíje sí ara àwọn kan lára rẹ̀ tó jáde ní 1969, tí wọ́n pè ní Competition. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ̀ wà nínú gìtá yẹn látilẹ̀.

Àǹtí_Tẹ́lẹ̀_Peckham

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, gbé agolo tínnà yẹn sílẹ̀ ná.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta gìtá ní London níbí, jùjú àti gospel. Ní ọdún 2006 mo ra Telecaster àtijọ́ kan, gìtá Fender mìíràn, tí àwọ̀ ara rẹ̀ ti ń ṣí. Mo gbé e fún ẹnìkan pé kó bá mi tún un kùn kó lè dán. Ó dán lóòótọ́. Nígbà tí ọ̀ràn owó ilé ìwé ọmọ dé, tí mo fẹ́ tà á, iye tí wọ́n fi lọ̀ mí kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń san lórí irú rẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn. Ọdún náà ni mo mọ̀ pé àwọ̀ tó ń ṣí yẹn gan-an ni owó. Mo sunkún o, mi ò purọ́.

Hot rod kò jọ èyí. Ọkọ̀ tí o gé, ìpẹtà ló jẹ́ nígbà tí o rí i. Gìtá tìrẹ yìí, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, ara rẹ̀ ṣì wà lábẹ́.

Alátùn-únṣe_Atlanta

Ìdí gìtá ni mo ti ń jẹun níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ mi ti kàn.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Má gbà pé 1966 ni torí pé oníbàárà sọ bẹ́ẹ̀. Tú okùn rẹ̀, tú skúrù mẹ́rin tó wà lẹ́yìn níbi tí ọrùn ti pàdé ara, kí o sì rọra gbé ọrùn náà kúrò. Wọ́n máa ń fi òǹtẹ̀ tẹ oṣù àti ọdún sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, yí àwo irin tí ibi ìyíhùn wà lórí rẹ̀ dojú dé. Wàá rí nọ́ńbà lẹ́yìn pot kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀yà tí ìyíhùn ń yí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe pot náà: 137 ni CTS, 304 ni Stackpole. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún, méjì ìgbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀. Wo sódà ibẹ̀ dáadáa. Sódà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún jó máa ń dákẹ́ sójú kan, wáyà tí wọ́n fi aṣọ wé ló sì yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe oníròbà.

Ọ̀rọ̀ tínnà wàyí. Ìwọ tó o jẹ́ pánẹ́bítà mọ èyí jù mí lọ, àmọ́ ó jọ pé ìkánjú àfihàn ti mú ọ gbàgbé. Lákà ló wà lábẹ́ ọ̀dà ilé yẹn. Lákà kì í yí padà bó bá gbẹ, tínnà inú rẹ̀ ló kàn ń fò lọ. Bí tínnà bá kàn án lónìí, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, yóò yọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n fín in. Dúdú àti búlúù ni yóò jọ bá ráàgì rẹ lọ.

Ohun tí a máa ń ṣe: mú réésà tuntun, fi téèpù wé igun rẹ̀ méjèèjì kó má baà gún igi, kó ku àárín nìkan. Mú un dúró gbọọrọ, má dà á dùbúlẹ̀, kí o sì máa fà á sọ́dọ̀ ara rẹ. Kì í ṣe pé o ń gé, ò ń ha ni. Ọ̀dà ilé tí wọ́n fi omi pò kì í sábà di lákà mú gírígírí, á máa ṣí bí èèpo. Bẹ̀rẹ̀ nínú ihò ọrùn níbi tí ojú kò tó. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olóròóró, iṣẹ́ yóò pọ̀ jù báyìí lọ.

Má fi pépà gbígbẹ ha á rárá. Òjé lè wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn. Fi ìbòmú bo imú rẹ, kí o sì fi aṣọ tútù gbá ìdọ̀tí rẹ̀.

Pánẹ́bítà_LongBeach

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ Àǹtí wọ̀ mí lára. Mo tú u lálẹ́ àná. Ìdí ọrùn rẹ̀: 3 MAY 66 B. Ẹ̀yìn pot méjèèjì: 304-6614. Wáyà aṣọ ni, dúdú àti funfun, sódà rẹ̀ kò yẹ̀. Ó jọ pé ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣe é.

Àǹtí_Tẹ́lẹ̀_Peckham

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún náà ni wọ́n ṣe pot, ọrùn tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún. Ó bára mu. 1966 ni, kò sí àríyànjiyàn.

Alátùn-únṣe_Atlanta

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan méjì ṣe níbẹ̀, torí àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe ni.

3 yẹn kì í ṣe ọjọ́. Nọ́ńbà irú gìtá tí wọ́n ń kọ́ ni. B náà kì í ṣe máàkì, fífẹ̀ ọrùn lókè níbi tí okùn ti ń kọjá ló dúró fún: A ni íǹṣì kan ààbọ̀, B fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀.

Àǹtí, ẹ má sì jẹ́ kí pot nìkan dájọ́ ọdún fún yín. Fender ra pot púpọ̀ rẹpẹtẹ ní 1966, wọ́n sì ń lò ó lọ títí di bíi 1969. Mo ti rí gìtá 1968 tí pot rẹ̀ jẹ́ 66. Òǹtẹ̀ ọrùn ló gbè é lẹ́yìn níbí, ìyẹn ni mo fi gbà pẹ̀lú yín.

Bàbá_Deuce

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Láti 1978 ni mo ti wà ní California yìí, iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ni mo sì ṣe títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀. Ọmọ Long Beach, ilé rẹ kò jìnnà sí Fullerton rárá. Fullerton ni Leo Fender ti ń ṣe gìtá wọ̀nyí. Àwọn ọmọkùnrin tó ti ogun àgbáyé kejì dé, tí wọ́n ń gé Ford 1932 tí wọ́n ń gbé e lọ sáré lórí adágún gbígbẹ El Mirage, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀dà kan náà ni wọ́n sì ń rà.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi jù lọ nìyí. Ọ̀dà ọkọ̀ ni wọ́n ń fín sí gìtá nígbà yẹn, láti inú agolo ilé iṣẹ́ DuPont. Duco ni lákà tí wọ́n fi igi àti òwú ṣe, Lucite ni èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Kí Duco tó jáde ní 1923, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọkọ̀ kan fi ń jókòó kí ọ̀dà rẹ̀ tó gbẹ. Duco ló sọ ọ́ di wákàtí. Nígbà tí Fender ń wá ọ̀dà tí yóò yá gbẹ, tó sì ní oríṣiríṣi àwọ̀, ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń lọ lòun náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ àrà ọ̀tọ̀ lára Stratocaster, gìtá Fender mìíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló máa fi kún owó rẹ̀. Fiesta Red, ti ọkọ̀ Ford Thunderbird 1956 ni. Surf Green, ti Chevrolet 1957 ni. Gibson náà, ilé iṣẹ́ gìtá mìíràn, nígbà tí wọ́n fẹ́ gìtá tó jọ ọkọ̀ ní 1963, Ray Dietrich tó ti ń ya ara ọkọ̀ láti ayébáyé ni wọ́n ní kó ya Firebird fún wọn.

Àwọ̀ mẹ́ta ni Mustang kọ́kọ́ ní: pupa, funfun àti búlúù. Búlúù yẹn ni wọ́n ń pè ní Daphne Blue. Cadillac 1958 ló ni ín.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà ògiri yẹn, ọ̀dà Cadillac ni. O fẹ́ wẹ ọ̀dà Cadillac kúrò kí gìtá rẹ lè bá ọkọ̀ mu. Rò ó.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀, mi ò mọ ti Cadillac yẹn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán, torí kì í ṣe ariwo lásán ni mo ń pa.

Jeff Beck, onígìtá rọ́ọ̀kì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ hot rod ní ilé rẹ̀ ní England títí ó fi kú ní oṣù kìíní 2023. Gìtá Gibson Les Paul 1954 tó rà ní Memphis ní 1972, èyí tí wọ́n ń pè ní Oxblood, kì í ṣe bí Gibson ṣe ṣe é ló bá a. Àwọ̀ wúrà ló wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kùn ún ní pupa tó sún mọ́ dúdú, wọ́n sì ti yọ pickup rẹ̀, wọ́n fi oníkọ́ìlì méjì rọ́pò. Nígbà tí ilé gbàǹjo Christie's tà á ní London ní oṣù kìíní 2025, ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Gìtá tí wọ́n tún kùn! Eddie Van Halen, onígìtá rọ́ọ̀kì mìíràn ńkọ́? Igi ara tó rà ní nǹkan bí àádọ́ta dọ́là, pickup tó yọ lára Gibson, ọ̀dà kẹ̀kẹ́ Schwinn tó fín sí i fúnra rẹ̀. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York gbé e sójú àfihàn ní 2019. Ká ní wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà ni, kò ní sí ohùn yẹn láyé.

Àǹtí_Tẹ́lẹ̀_Peckham

Ọmọ Ìjẹ̀bú, òótọ́ lo sọ nípa ohùn, mo sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ owó yẹn, orúkọ ẹni tó fi ọwọ́ gbé e ni wọ́n ra. Mustang 1969 ti Kurt Cobain, olórin Nirvana, lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ní 2022. Ṣé Mustang tèmi tàbí tìrẹ yóò mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá? Eddie fúnra rẹ̀, igi tuntun olówó pọ́ọ́kú ló fi ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tèmi níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ igi, kó ra èyí tí kò ní dun ẹnikẹ́ni.

Pánẹ́bítà, bí o bá pinnu pé ọkàn rẹ kò sí níbẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, mo ṣe tán láti rà á.

Alátùn-únṣe_Atlanta

Àǹtí, ẹ ṣọ́ra. Pátákó dúdú orí ọrùn Mustang 1966 lè jẹ́ igi rosewood Brazil. Láti 1992 ni òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń ṣọ̀wọ́n, ti dè é pé kò gbọdọ̀ kọjá ààlà láìsí ìwé àṣẹ. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Ṣebí wọ́n ti tú òfin yẹn sílẹ̀ ní 2019?

Alátùn-únṣe_Atlanta

Àwọn rosewood yòókù ni wọ́n tú sílẹ̀ fún ohun èlò orin tó ti parí. Ti Brazil kò sí nínú rẹ̀.

Onígìtá_Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹnikẹ́ni kò tíì dá arákùnrin wa lóhùn lórí kíkùn tó ń kùn yẹn, èmi sì mọ ìyà rẹ̀ dáadáa. Òde àríyá ni mo ti ń ta tèmi, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn àgọ́, wáyà iná àti wáyà ohùn tí wọ́n lọ́ mọ́ra. Pickup oníkọ́ìlì kan máa ń gbé ariwo iná bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé eérú. Ohun tí mo ṣe: mo fi bébà kọ́pà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn lẹ ihò inú igi náà yí ká, mo so ó mọ́ wáyà ilẹ̀. Ariwo náà lọ tán pátápátá. Kò sídìí tí ẹ fi máa gbẹ́ igi.

Alátùn-únṣe_Atlanta

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, mo kí yín. Bébà kọ́pà dára, mò ń lò ó lójoojúmọ́. Àmọ́ kò lè lọ tán pátápátá. Ariwo tó ń bá afẹ́fẹ́ wá, bíi sísán iná, ni kọ́pà ń dí. Hùn-ùn tí tìránsífọ́mà ń mú jáde, inú kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀, kọ́ìlì méjì tí wọ́n yí ní ìdàkejì ara wọn nìkan ló ń pa á. Bóyá wáyà ilẹ̀ yín ló ti já tẹ́lẹ̀, tí ẹ tún un so láìmọ̀.

Lórí Mustang tìrẹ, Pánẹ́bítà: swíìṣì kéékèèké méjì ló wà lókè àwo funfun yẹn. Bí o bá tan pickup méjèèjì, gbìyànjú swíìṣì kọ̀ọ̀kan síwájú àti sẹ́yìn. Ní ipò kan, hùn-ùn náà yóò dínkù gan-an, ohùn rẹ̀ á sì tinrín. Bó bá ṣì jẹ́ pé alágbára lo fẹ́, pickup oníkọ́ìlì méjì wà tí kò fẹ̀ ju oníkọ́ìlì kan lọ, ó máa wọ ihò tó wà níbẹ̀ láìgbẹ́ ohunkóhun. Má tilẹ̀ tú sódà àtijọ́ yẹn. Ra àwo funfun mìíràn àti àwo irin mìíràn, kó gbogbo ẹ̀yà tuntun sórí wọn, wáyà ilẹ̀ tó lọ sídìí okùn nìkan lo máa jó. Èyí tó ti wà látilẹ̀, fi aṣọ wé e, tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí gìtá. Bí ìgbà tí ènìyàn yọ ẹ́ńjìnnì látilẹ̀ tó gbé e sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Ìyẹn gan-an! Ẹ ya iná yín sórí àwo tuntun yẹn, bọ̀ọ̀dá. Ojú àwo Mustang fẹ̀ dáadáa, ó gba gbogbo iwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá sú yín, skúrù lásán ni. Mo gbà fún Bàbá lórí ti ara rẹ̀.

Pánẹ́bítà_LongBeach

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ẹ jẹ́ kí n jíhìn.

Ọ̀dà omi ni, mo dúpẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ nínú ihò ọrùn bí Alátùn-únṣe ṣe wí. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ti pánẹ́bítà yá jù, mo ha ibi kan tó fẹ̀ tó èékánná títí mo fi rí àwọ̀ igi. Ó dùn mí dé ọkàn. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, wákàtí kan péré lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, réésà mẹ́rin lálẹ́ kan, ìyàwó mi á gbé tọ́ọ̀ṣì dání ní ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè fi ibi tí dúdú ti pin hàn mí. Bí mo bá ti rọra fà á, èèpo dúdú náà á ká bí awọ àlùbọ́sà, búlúù á sì yọ.

Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Lábẹ́ àwo ló ti jẹ́ búlúù gidi. Níta, ó ti fà sí àwọ̀ ewé. Lókè, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ máa ń sinmi lé, lákà náà ti tán, igi rẹ̀ ti dán bí ọwọ́ ọ̀pá bàbá arúgbó. Ẹnìkan ta gìtá yìí púpọ̀ kí wọ́n tó kun ún. Nígbà tí mo rí ibẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò ní fín nǹkankan sí i mọ́.

Bàbá, ṣé ewé tó fà sí yẹn, ìbàjẹ́ ni? Ṣé kí n fi pólíìṣì ọkọ̀ gbá a?

Bàbá_Deuce

Kì í ṣe ìbàjẹ́, ọmọ mi. Òòrùn àti èéfín máa ń sọ lákà di àwọ̀ ìyeyè díẹ̀díẹ̀, ìyeyè lórí búlúù sì ni ewé. Olympic White, funfun ti Fender, náà máa ń di bíi wàrà bẹ́ẹ̀. Má fi pólíìṣì onísílíkóònù kàn án, má sì gbá a jìnnà. Aṣọ òwú tó tutù díẹ̀, naphtha (epo tí wọ́n ń rọ sí láítà) níwọ̀nba níbi tí gọ́ọ̀mù bá wà, ó tó.

Ibi tí o ha dé igi yẹn, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ ọjọ́ àfihàn: àwọn ìdúró gìtá tí wọ́n fi ròbà tàbí fóòmù wé, lákà kì í fẹ́ wọn. Bí gìtá bá dúró tì í fún ọjọ́ mélòó kan nínú ooru, yóò yọ́ níbẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti rí i lára Firebird ọ̀rẹ́ mi kan.

Pánẹ́bítà_LongBeach

Mo ti gé aṣọ òwú kan, mo ti fi rán àpò sí apá ìdúró náà méjèèjì. Àwo tuntun dé lánàá, mo ti fín dúdú sí i. Ọ̀la ni mo máa ya iná àkọ́kọ́.

Àǹtí_Tẹ́lẹ̀_Peckham

Fi fọ́tò ránṣẹ́ kí o tó ya á, ká lè rí búlúù yẹn.